Kí Jíìpù Kékeré Má Baà Gbé Owó Ilé Lọ

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kò sí ìdílé tí kò fẹ́ ohun tí yóò gbé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ dé ibi tí wọ́n ń lọ láìséwu. Ọ̀nà àdúgbò wa bàjẹ́, òjò a sì máa sọ ojú títì di odò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya fi máa ń sọ láàrin ara wọn pé, “Ẹ jẹ́ kí a ta ọkọ̀ kékeré yìí, kí a fi kún owó jíìpù.” Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n a ti rí ilé tí jíìpù wọlé tí àlàáfíà sì jáde. Owó ilé-ìwé kò tó mọ́, ọkọ ń fi ìwé owó oṣù pamọ́ fún ìyàwó, ẹni tí ó ṣe onídùúró sì di ẹni tí a ń yà fún lójú ọ̀nà. Bí a bá wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò dáadáa, ìṣirò tí a kò ṣe kí a tó ra ọkọ̀ ni ó sábà máa ń fà á.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò: irú jíìpù tí ó yẹ ìdílé yín, àwọn ohun inú rẹ̀ tí ó tó kí a fi owó lé, àti ọ̀nà tí a ó gbà san owó rẹ̀.

GBOGBO JÍÌPÙ KỌ́ NI ẸSẸ̀ RẸ̀ MẸ́RẸ̀Ẹ̀RIN Ń FÀ

Láti 1970 ni ilé-iṣẹ́ Suzuki ti ń ṣe jíìpù kékeré. Toyota gbé RAV4 jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1994, Honda sì gbé CR-V tirẹ̀ jáde ní 1995. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí tí à ń rà ní Nàìjíríà jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Yúróòpù wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé RAV4 méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan máa fa táyà iwájú nìkan, kí ti èkejì sì máa fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni CR-V rí. Púpọ̀ nínú èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni ó jẹ́ pé iwájú nìkan ni ó ń fà. Ẹni tí ń tà á lè máa pè é ní “four-wheel” kìkì nítorí pé ó ga. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ má sì ṣe gba àmì tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí pé a ń rí irú àmì bẹ́ẹ̀ rà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin RAV4 tàbí CR-V bá ń fà ní tòótọ́, yóò rí irin gígùn tí ó ti ọ̀dọ̀ gíà lọ sí ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní propeller, yóò sì rí ilé irin roboto kan láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí kò bá sí èyí, ẹ má san owó four-wheel. RAV4 tuntun tí ń lo bátìrì pọ̀ mọ́ epo nìkan ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé mọ́tò iná mànàmáná ni ó ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀.

Nínú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pàápàá, oríṣi kan kọ́ ni wọ́n. Èyí tí ó wà nínú CR-V ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: iwájú ni ó ń fà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí táyà iwájú bá sì ti ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, agbára yóò lọ sí ẹ̀yìn. Ti Suzuki Jimny yàtọ̀. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ sí i nígbà tí ó bá fẹ́ ẹ, ó sì tún ní gíà kan tí ń rọra rìn pẹ̀lú agbára ńlá fún òkè àti ẹrẹ̀ jíjìn. Ṣùgbọ́n a kì í fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin irú èyí rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ba gíà ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

ṢÉ GÍGA NI Ẹ Ń WÁ, TÀBÍ AGBÁRA?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn. Ẹni tí ń gbé ní Àgége tàbí Mushin, tí ń lọ ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kòtò ojú ọ̀dà ni ìṣòro rẹ̀. Ohun tí ó nílò ni ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Jíìpù tí iwájú nìkan ń fà tó fún un, kò sì sí èrè kankan tí táyà ẹ̀yìn tí ń fà yóò ṣe fún un lórí ọ̀nà náà. Ẹni tí ń gòkè erùpẹ̀ pupa ní Èkìtì tàbí ìhà Ìdànrè nígbà òjò, tàbí tí iyanrìn ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ mì ní etí òkun Badagry, tàbí tí oko rẹ̀ wà ní ìgbèríko Òkè-Ògùn níbi tí ọ̀dà kò dé, òun ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ohun méjì tí ó lè gba ẹ̀mí là. Èkíní, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ń fà kì í mú kí ọkọ̀ tètè dúró. Bíréèkì àti táyà gidi ni ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tí ó bá ń sáré lórí títì Èkó sí Ìbàdàn nínú òjò nítorí pé ó wà nínú jíìpù, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Èkejì, bí omi bá ga dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ọkọ̀ yóò kú síbẹ̀, ì báà jẹ́ four-wheel.

Agbára yìí kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọkọ̀ tí ń fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wúwo jù, ó sì ń jẹ epo jù. Ẹ jẹ́ kí a mú un bí àpẹẹrẹ pé ọ̀kan ń jẹ lítà 10 fún 100 kìlómítà, èkejì ń jẹ lítà 12. Bí ẹ bá ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù, lítà 30 ni èkejì fi jù. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan kò tó ₦200 ní ilé epo NNPC. Ní October 2024, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Ní iye yìí, lítà 30 náà di ₦30,000 lóṣù, ó di ₦360,000 lọ́dún. Ó lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ kan.

Bákan náà ni táyà. Ọkọ̀ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì jẹ bákan náà. Bí ẹ bá ń ra ẹyọ kan tuntun, ẹyọ kan tòkunbọ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Òróró tí ń lọ sí irin ẹ̀yìn CR-V pàápàá kì í ṣe òróró gíà lásán. Ti Honda fúnra wọn ni a ń lò. Ẹni tí kò lè máa ra èyí, kí ó má ra èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà.

OHUN TÍ Ó ṢE KÓKÓ ÀTI OHUN Ọ̀ṢỌ́

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni “full option.” Wọn yóò ṣí òrùlé ọkọ̀ hàn yín kí ẹ rí ojú ọ̀run, wọn yóò fi ọwọ́ gbá àga aláwọ, wọn yóò tẹ bọ́tìnnì kan kí ẹ́ńjìnnì ta jí. Gbogbo èyí dùn ún wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò dáàbò bo ọmọ yín.

Àwọn ohun tí a ní kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyí. Ṣé bíréèkì rẹ̀ ní ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì? Ṣé bẹ́líìtì tí ń di ni mọ́ àga pé fún ẹni mẹ́ta tí yóò jókòó sẹ́yìn? Ṣé àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba orí àti àyà wà níbẹ̀, àbí wọ́n ti tú u kúrò lẹ́yìn jàǹbá? Bí ẹ bá ṣí ọkọ̀, iná àpò náà gbọ́dọ̀ tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ láti fi ẹ̀tàn pamọ́. Ẹ tún mọ̀ pé a ti pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ padà káàkiri ayé nítorí àpò afẹ́fẹ́ Takata tí ó lè bú, kí ó sì ta irin lu ènìyàn. CR-V ọdún 2002 sí 2006 wà lára wọn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú títì, ń jẹ́ kí ènìyàn fi nọ́ńbà ọkọ̀ wádìí èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àkọlé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti gbó lè dán bí tuntun.

Ẹ̀rọ amúlétutù ṣe kókó ní ilẹ̀ olóoru wa, nítorí náà ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó sanwó. Ní ti ẹ́ńjìnnì, RAV4 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2006 sí 2012 wá ní oríṣi méjì: onílé mẹ́rin, àti V6 tí ó jẹ́ 3.5 lítà. V6 lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ilé epo ni yóò máa kí i jù. Ìdílé tí ń lọ iṣẹ́, ilé-ìwé àti ìsìn kò nílò ju onílé mẹ́rin lọ. Nissan X-Trail tí ó jáde láti 2007, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lo gíà CVT. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹni tí ó mọ gíà náà tún ṣe wà ní ìlú yín.

Òrùlé tí ń ṣí, rọ́ọ̀mù táyà ńlá, àga aláwọ: bí wọ́n bá wà lára ọkọ̀ tí ó dára, a dúpẹ́. Kí ẹ má ṣe yá owó nítorí wọn.

ÌWÉ ỌKỌ̀ ÀTI ÌTÀN RẸ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà tí ó jẹ́ ẹyọ 17. Èyí tí ó wà ní abẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tí ó wà lára ilẹ̀kùn àti èyí tí ó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹyọ kẹwàá nínú rẹ̀ ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fún, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè fi ọdún 2008 pe ara rẹ̀ ní 2012 fún yín.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí omi ti bò. Nígbà ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017, ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni omi gbé mì ní Amẹ́ríkà, irú wọn sì máa ń wọ ọjà tòkunbọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá àbàwọ́n ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ wo ìdí irin àga bóyá ó ti dípẹtà.

Láti January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ó gba Ṣèmẹ̀ wọlé láti Kútọnu láìní ìwé aṣọ́bodè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, kò sì sí ẹni tí yóò dá owó yín padà.

ỌNÀ TÍ A Ń GBÀ SAN OWÓ

Wàyí o, ibi tí ẹ̀kọ́ wà jù nìyí. Èyí tí ó dára jù ni kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà á, ì báà jẹ́ nípa èsúsú tàbí owó tí a fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ tàbí ti ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn ti fi pamọ́, èlé wọn sì sábà máa ń kéré sí ti báńkì. Bí ẹ bá ti ní ₦1,500,000 níbẹ̀, ẹ lè rí ₦3,000,000 yá.

Ẹ̀kẹta ni báńkì. Ní November 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100. Ohun tí báńkì yóò gbà lọ́wọ́ aráàlú kì í sì í sábà dín sí òṣùwọ̀n Báńkì Àpapọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí: “Ṣé orí gbogbo owó tí mo yá ni èlé yóò máa wà títí dé òpin, tàbí orí èyí tí ó kù?”

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ká ní tọkọtaya kan yá ₦3,000,000 fún oṣù 24, èlé sì jẹ́ 30 nínú 100 lọ́dún. Bí èlé bá wà lórí gbogbo owó náà títí dé òpin, èlé ọdún méjì yóò jẹ́ ₦1,800,000. Wọn yóò san ₦200,000 lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ₦4,800,000. Bí ó bá jẹ́ orí èyí tí ó kù ni, wọn yóò san nǹkan bí ₦167,700 lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sún mọ́ ₦4,026,000. “Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún” kan náà ni wọ́n pè é fún wọn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ₦770,000.

Báńkì yóò tún ní kí ẹ gba ìnṣọ́ránsì tí ó kún. Láti January 2023 ni èyí tí ó kéré jù, tí ó wà fún ẹni tí ọkọ̀ wa bá kọlù, ti di ₦15,000 lọ́dún, èyí tí ó kún kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Lórí ọkọ̀ ₦8,000,000, ₦400,000 ni lọ́dún kan. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé láti August 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì láṣẹ láti fa gbèsè ẹni tí kò san yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn tí BVN rẹ̀ so pọ̀. Kò sí ibi tí a lè sá sí.

Ẹ̀kẹrin ni kí ẹni tí ń ta ọkọ̀ gbé e fún yín kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Òfin Hire Purchase ti 1965 dáàbò bo ẹni tí ń rà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín, nínú ìwé, iye tí ọkọ̀ náà jẹ́ bí a bá san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí àdéhùn wà ní kíkọ pẹ̀lú ìfọwọ́sí. Bí ẹ bá sì ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó àdéhùn, olówó kò lè fi ipá gba ọkọ̀ náà pátápátá láìlọ sí ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin gbà kí ó gbé ọkọ̀ lọ síbi ìpamọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹ má ṣe gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ kọ ìwé, ì báà jẹ́ ará ìjọ kan náà.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ SÍ I

Kí ọkọ àti ìyàwó jókòó pẹ̀lú bébà kan. Ẹ kọ owó tí ń wọlé fún àwọn méjèèjì. Ẹ yọ oúnjẹ, owó ilé, owó ilé-ìwé, ti àwọn òbí nílé, àti ohun tí ẹ ti pinnu fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbèsè oṣù, epo, ìnṣọ́ránsì, táyà àti mẹkáníìkì. Bí ohun tí ó kù kò bá gbé e, ọkọ̀ náà tóbi jù fún yín lọ́dún yìí.

Bí bébà bá ní ó ṣeé ṣe, ẹ tún fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Ẹ máa fi ₦200,000 náà sí àkáǹtì mìíràn lóṣooṣù, bí ẹni pé gbèsè ti wà lọ́rùn yín. Bí ẹ kò bá lè ṣe é fún oṣù mẹ́ta nígbà tí ara yá, báwo ni ẹ ó ṣe ṣe é fún oṣù 24? Bí ẹ bá sì ṣe é yọrí, ₦600,000 ti wà lọ́wọ́. ₦2,400,000 péré ni ẹ ó yá, èlé rẹ̀ lórí ìṣirò àkọ́kọ́ yóò sì fi ₦360,000 dín.

Ní ti onídùúró, ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé fún yín ti fi owó àwọn ọmọ tirẹ̀ dúró. Ẹ fi gbogbo ìṣirò yín hàn án kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí oṣù kan bá fẹ́ nira, ẹ sọ fún un kí olówó tó pè é.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé kí ó jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Jíìpù tí ó wọlé lẹ́yìn irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ayọ̀ ni yóò gbé wọlé. Èyí tí kò sì tíì lè wọlé, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ tún ọkọ̀ kékeré tí ó wà nílẹ̀ ṣe, ẹ pààrọ̀ táyà rẹ̀, kí ẹ máa tọ́jú owó lọ. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa.